Ìyá tó san owó, ètò mi ní kò san: ẹ gbà mí lọ́wọ́ NULL

OmoIkere
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tí ìyá mi wà ní Ìkéré-Èkìtì. Python ni mo fi kọ ọ́, PostgreSQL ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Àwọn 42 ló ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú ìwé ni akọ̀wé ń kọ ọ́ sí lọ́jà, ó di alẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ìyẹn bí iná bá wà. Ẹni tí wọn kò tíì tẹ̀, NULL, ìyẹn àyè tó ṣófo, ló wà ní àyè owó rẹ̀. None ni Python ń pè é.

Mo fẹ́ ro owó pọ̀, Python yarí, ó ní òun kò lè ro int (nọ́ńbà) mọ́ NoneType (None yẹn). Mo bá kọ `owo or 0` síbi gbogbo, kó máa fi òdo dípò None. Ó ṣiṣẹ́. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú tí ètò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá kan pé wọn kò san owó. Wọ́n ti san án! Ẹni 70 ọdún tí kò jẹ gbèsè rí, wọ́n sunkún wá bá ìyá mi. Ojú tì mí gan-an.

AlakoweAdo
Lọ bẹ ìyá náà ná, àbúrò, kóòdù lè dúró.

Òdo ni pé a béèrè, kò sì mú owó wá. NULL ni pé a kò tíì mọ̀. `owo or 0` ti pa méjèèjì pọ̀. Yọ ọ́ kúrò, kọ `if owo is None`, kí ètò sọ pé "a kò tíì kọ ọ́", kó má sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Má lo `if not owo` o: lójú rẹ̀, òdo àti None kò yàtọ̀.

OmoIkere
Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà. Ìpíndọ́gba ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Àwọn 31 san 1,000 náírà. AVG, tó ń ṣírò ìpíndọ́gba nínú PostgreSQL, sọ pé 1,000, Python mi ní 738.

IfakiDev
AVG máa ń fo NULL ni. Ó pín 31,000 sí 31, ìwọ pín in sí 42. Bákan náà ni `COUNT(*)`, tó ń ka gbogbo ìlà, yóò fún ọ ní 42, tí `COUNT(owo)`, tó ń ka ibi tí owó wà nìkan, yóò fún ọ ní 31. Jẹ́ kí SUM ro ó fún ọ, òun náà ń fo NULL. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣófo nìkan ni yóò dá NULL padà. Ibẹ̀ ni kí o ti lo `COALESCE(SUM(owo), 0)`, kó fi òdo dípò NULL yẹn.

Má sì kọ `WHERE owo = NULL`. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi wá ìdí tí kò fi mú ìlà kankan jáde. `IS NULL` ni.

OmoIkere
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tún un ṣe. Ó ń fi hàn báyìí pé 31 ti san, 11 ni a kò tíì kọ. Akọ̀wé rí 11 yẹn lálẹ́ àná, wọ́n gbé ìwé wọn. Orúkọ ìyá náà ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.