Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, orin wo ló wọ̀ yín lára débi tó fi hàn nínú irun, aṣọ tàbí ẹnu yín?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, gbé irun dúdú jáde nílé láàárọ̀ àná. Nígbà tó máa fi ti Pàǹsẹ́kẹ̀ dé, orí ti di pupa rúsúrúsú bí àgbàdo gbígbẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn olórin tóun ń gbọ́ ṣe ń ṣe é. Bẹ́líìtì ti wà lọ́wọ́ mi kí ìyá mi tó wọlé. Màmá ò bá mi wí o. Wọ́n kàn wọ yàrá lọ, wọ́n mú fọ́tò kan bọ̀: èmi rèé, 1986, jẹ́rí-kọ́ọ̀lù, irun olóròóró táwọn olórin ìgbà yẹn ń ṣe, wà lórí, òróró ń kán sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n rán fún mi fún Àjíǹde. Wọ́n ní, "Ìrọ̀rí mẹ́rin lo bà jẹ́ lọ́dún yẹn. Ta ló nà ọ́?"
Bẹ́líìtì padà sídìí ṣòkòtò. Ẹ sọ tiyín, kí ojú má ti èmi nìkan.

Ọmọ Sápọ́n
Fọ́tò la kọ́kọ́ fẹ́ rí.

Àdùnní Kútọ̀
Àní fọ́tò!

Aláró Ìtòkú
Tèmi kì í ṣe irun, ẹnu ni. Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí ní Ìtòkú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá ìyá mi ń ṣe, aró ti mu ọwọ́ wọn láti èékánná dé ìgùnpá, kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Ẹ̀gbá pọ́ńbélé là ń sọ nílé, "án" níbi tí ẹ̀yin ń sọ "wọ́n". Mo dé iléèwé girama, wọ́n ní ẹni tó bá sọ Yorùbá á san ogún náírà. Bó bá wá jẹ́ Ẹ̀gbá ló bọ́ lẹ́nu rẹ, àwọn ọmọ tó ti Èkó wá á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo ṣe dẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì nìyẹn.
Ìparí 2009 ni CD Dagrin dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọkùnrin tó ń fi Yorùbá ìgboro rápù, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó jọ̀ọ́! Àwọn ọmọ Èkó tó ń fi mí ṣẹ̀sín náà ló wá ń dúró dè mí nígbà bíréèkì: "Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Èyí ńkọ́?" Èmi kẹ̀! Mo di tíṣà. Lọ́jọ́ kan gbogbo ìlà ẹ̀yìn ń kọ ọ́ pọ̀, dẹ́sìkì la fi ṣe ìlù, tíṣà ìṣirò bá wọlé wẹ́rẹ́. Ogún náírà, ogún náírà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi san tèmi. Nígbà tó kú ní oṣù kẹrin 2010, a sunkún bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n wa ló lọ.
Lónìí mò ń ta àdìrẹ lórí Instagram, Ẹ̀gbá ni mo fi ń polówó ọjà. Oníbàárà ń pè mí láti Kánádà pé kí n ṣáà tún un sọ.

Káputéènì Àtijọ́
Aláró, iléèwé yẹn, ṣé ẹ̀yìn Adátán ni?

Aláró Ìtòkú
Kí ló dé tó o fi ń bèèrè?

Káputéènì Àtijọ́
Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó sọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ìdajì owó yẹn ni mò ń fún tíṣà. Ìyókù, búrẹ́dì pẹ̀lú àkàrà.

Ọmọ Sápọ́n
Yéè! Olè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Aláró Ìtòkú
Ìwọ ni! Owó mi dà?

Àdùnní Kútọ̀
Yorùbá ló sì fi ń ra àkàrà yẹn lọ́wọ́ alákàrà o.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà. Ẹ má kàn dá wa lẹ́bi báyẹn. Àwọn òbí ló ń wá bá wa pé àwọn ò torí Yorùbá san owó iléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ìgbà tí rápù dé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá dùn? Ayinla Omowura, ọmọ Ìtokò níbí, ohùn Ẹ̀gbá ló fi kọrin títí iléeṣẹ́ àwo orin EMI fi ń gbé àwo rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó bù ú ní ogún náírà.

Wálé Àṣẹ̀rò
Òótọ́ ni, bàbá. Mo wo fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2021. Sákárà rẹ̀ yẹn dùn jọjọ.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
SÁKÁRÀ? Àpàlà ni! Yusuf Olatunji ló ni sákárà. Ìlù sákárà pẹlẹbẹ ni, amọ̀ ni wọ́n fi mọ òrùka rẹ̀, wọ́n á fi awọ ewúrẹ́ bò ó, gòjé á wá máa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdàmọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo ni ti àpàlà. Ọmọ Ẹ̀gbá tí kò bá mọ ìyàtọ̀, ẹ gba làfún lọ́wọ́ rẹ̀.

Mẹ́sìọ̀gọ̀
Èmi ọmọ Ìbàdàn ń kọjá lọ ni. Ṣé làfún náà lẹ fi ń halẹ̀ mọ́ ara yín? Àmàlà tí kò rí oòrùn.

Ọmọ Sápọ́n
Ẹ má dá a lóhùn. Ọbẹ̀ ló ń wá.

Wálé Àṣẹ̀rò
Ẹ má bínú, bàbá. Àpàlà. Àmọ́ bàbá tèmi wà ní ilé ọtí yẹn lóṣù karùn-ún 1980, lójú wọn ni máníjà Ayinla àtijọ́ fi kọ́ọ̀pù bíà gbá a lórí.

Àdùnní Kútọ̀
Kò sí bàbá ẹnì kan ní Abẹ́òkúta tí kò sí níbẹ̀. Ilé ọtí yẹn á ti tóbi ju pápá MKO Abíọ́lá lọ.

Mẹ́sìọ̀gọ̀
Kánò ni bàbá tèmi wà lọ́dún náà. Àwọn náà ní àwọn wà níbẹ̀.

Orúkọ Méjì
Ẹ jẹ́ ká padà síbi ọ̀rọ̀. Fela ló kó bá mi. Ìlú wa níbí ni wọ́n bí i sí ní 1938, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó yọ Ransome kúrò, tó fi Aníkúlápó sí i, mo wà ní fọ́ọ̀mù 3. Mo mú bírò pupa, mo fi fa igi lé orúkọ ìrìbọmi mi lẹ́yìn ìwé mọ́kànlá, mo kọ oríkì mi sí i. Bàbá mi, alàgbà ìjọ, ṣí àpò ìwé mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ṣé orúkọ tí mo fi ń sanwó iléèwé lo fagi lé? Ó dáa. Kí Fela san ti sáà tó ń bọ̀." Ọjọ́ kejì ni mo fi rọ́bà pa pupa yẹn títí ìwé fi lu. Sàtífíkéètì mi, orúkọ ìrìbọmi ló wà níbẹ̀ títí dòní.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
"Kí Fela san." Mo ti rẹ́rìn-ín débi pé inú ń dùn mí.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Tiwa ò pa wá lẹ́rìn-ín. Níbi ìsìnkú ìyá bàbá mi, olórin jùjú kan pe bàbá mi ní oríkì wọn, ó tò ó láti orí dé ìdí ìran. Bàbá mi dìde. Owó páànù ilé wa wà nínú agbádá, wọ́n fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ olórin níwájú orí títí ó fi tán. Ọdún mẹ́ta la fi wà nínú ilé tí kò lórùlé ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí mo dàgbà ni àbúrò wọn sọ fún mi pé òun lòun kọ oríkì yẹn sórí bébà kékeré fún olórin ṣáájú eré. Mo lọ bá bàbá mi, inú ń bí mi. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo rí bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Aláró Ìtòkú
Háà, Ìyá Ìbejì.

Ọmọ Sápọ́n
Lónìí EFCC á ti gbé wọn torí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ olórin yẹn.

Ìyá Ìbejì
Bàbá mi ì bá jẹ́ kí wọ́n gbé àwọn. Kí wọ́n ṣáà pe oríkì yẹn tán ná.

Màmá Bọ̀dé
Ẹ̀yin ń ṣàwàdà, yahoo lọmọ tèmi ń kọ lórin láti àárọ̀. Ṣé ìyẹn náà ni àṣà?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ìyẹn nìkan ló ń kọ ni, àbí ó ń ṣe é?

Màmá Bọ̀dé
Ẹ má bi mí.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
Ọmọ mi ti ka gbogbo èyí lórí fóònù mi. Ó ní òun á dá irun padà sí dúdú bí mo bá lè gbé fọ́tò 1986 síbí. Mo ní kó fi pupa rẹ̀ sílẹ̀.

Àdùnní Kútọ̀
Màmá yín ńkọ́? Wọ́n ní WhatsApp?

Káputéènì Àtijọ́
Aláró, fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́.

Aláró Ìtòkú
Pẹ̀lú ti àkàrà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni mo kà.