Báwo ni kí n ṣe kọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-oníyè tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo wà ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níhìn-ín ní Èkó. Iṣẹ́ mi ni fífi kọ̀ǹpútà ka jínóòmù kòkòrò ibà, Plasmodium falciparum, ìyẹn gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀, láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Èkó, láti mọ ibi tí ó ti yí padà tí oògùn kò fi ká a mọ́. Ibi ìwádìí kan ní Jámánì fẹ́ gbà mí fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ní kí n kọ ojú ìwé kan péré nípa ibi tí mo ti ń bọ̀ àti ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ó di ọjọ́ mẹ́rin báyìí tí mo ń kọ ọ́ tí mo sì ń pa á rẹ́.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ìmọ̀ nípa ẹranko ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi ń wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù kí n tó fọwọ́ kan kóòdù kankan. Ìgbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020 ni mo fi kọ̀ǹpútà àlòkù ẹ̀gbọ́n mi kọ́ Python àti R, àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù. Mo to orúkọ irinṣẹ́ mẹ́tàdínlógún sórí ìwé náà, Linux, BLAST, BWA, samtools àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, n kò rí ara mi nínú rẹ̀. Ṣé kí n yọ ti maikirosikóòpù kúrò pátápátá ni?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àkọkà:
Ọmọ mi, má ṣe yọ ọ́. Jínóòmù kòkòrò yẹn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 lẹ́tà lórí krómósómù 14 (àwọn okùn tí àkọsílẹ̀ àbùdá wà lórí wọn), ṣùgbọ́n A àti T, méjì nínú lẹ́tà mẹ́rin tí jínóòmù ní, nìkan ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jọra débi pé kọ̀ǹpútà a máa gbé ègé kékeré kan lára jínóòmù náà sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ kòkòrò náà yóò gba ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá sọ. Sọ fún wa: ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí kọ̀ǹpútà sọ ohun kan fún ọ, tí o sì mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá:
Ó wà, sà. Lọ́dún tó kọjá, mo lo GATK, ètò kọ̀ǹpútà kan, láti wá àwọn ìyípadà, ó sì ń sọ fún mi pé ní ọ̀pọ̀ ojú ibi, kòkòrò náà ní lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ènìyàn ṣe ń gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Mo rántí ẹ̀kọ́ mi àtijọ́: níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò ibà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ẹ̀dà krómósómù kọ̀ọ̀kan péré ló ní; inú ẹ̀fọn ni akọ àti abo rẹ̀ ti ń pàdé. Mo wá rí i pé ẹ̀dà méjì ni ètò náà máa ń kà bí ẹni tó ń lò ó kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Mo yí i sí ọ̀kan, mo sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí lẹ́tà méjì ṣì ti hàn nínú àwọn ègé tí a kà, ó yé mi pé àwọn ọmọ tí ìran kòkòrò tó ju ẹyọ kan lọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Onídátà, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ìtàn yìí gan-an ni kí ẹ kọ. Irinṣẹ́ tí ẹ kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjì nípa rẹ̀, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè tún iṣẹ́ yín ṣe: kóòdù yín lórí GitHub (ìkànnì tí a ń kó kóòdù sí), ẹ̀yà irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ lò, àti bí ẹ ṣe ń yẹ fáìlì wò. Ẹ má fojú kékeré wo ti fáìlì o. Bí iná bá lọ lóru nígbà tí fáìlì ń wọlé, ó lè dúró ní ìdajì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ojú lásán kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó pé. Md5sum, ètò tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì, ni yóò fi hàn. Mo mọ ẹnìkan tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìtúpalẹ̀ fáìlì tí kò pé.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, Ìdí-Àràbà:
Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó hàn kedere èwo ni iṣẹ́ ọwọ́ yín, èwo sì ni ti ẹlòmíràn. Ní oṣù kejì 2020, Ìdí-Àràbà níhìn-ín ni àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti kó àrùn kòrónà. Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ ACEGID, ibi ìwádìí jínóòmù kan ní Ẹdẹ, ti ka jínóòmù kòkòrò kòrónà náà, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 30,000 lẹ́tà. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò kọ́ ló ka lẹ́tà, ẹni tó kà á kọ́ ló sì ṣe gbogbo ìṣirò. Ta ló gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ẹ ń lò fún iṣẹ́ yín? Ṣé àwọn òbí wọn fọwọ́ sí i? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ìmọ̀ ìṣirò yín kò bá tíì jinlẹ̀ tó, ẹ sọ pé ohun tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, nítorí pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àlejò.

Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá:
Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ló gba ẹ̀jẹ̀ náà sórí bébà, àwọn òbí sì fọwọ́ sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò kọ ọ́ sí ibì kankan tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe tún un bẹ̀rẹ̀:

“Ní 2005 ni Nàìjíríà fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà. Mo ń fi kọ̀ǹpútà wádìí bóyá ìyípadà inú jíìnì pfcrt, lórí krómósómù 7, tí kòkòrò náà fi ń borí oògùn yẹn, ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Èkó lónìí. Ọdún méjì ni mo fi ojú wo kòkòrò yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì ní òye díẹ̀ nípa Python àti R.”

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àkọkà:
Yọ “díẹ̀” kúrò, kí o sì fi ìtàn ẹ̀dà krómósómù yẹn tẹ̀ lé e.