Koríko tí mo hú l'Ókè-Ẹ̀rí

Ẹ ní ká wá sọ ti koríko tó ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Tèmi nìyí, ẹ ṣáà má pè mí láhun.

Iwájú ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fẹ́ gbin koríko sí kí Iléyá tó dé, torí gbogbo ẹbí ló máa ń ti Èkó wálé nítorí Ojúde Ọba. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òdòdó létí títì, àpò-àpò ló ń ta kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì. Mo bèèrè iye àpò kan, mo bèèrè àpò mélòó ni yóò tó mi, mo dákẹ́. Koríko! Ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo bá gbé ṣọ́bìrì àti àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, ó di ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rí, lápá ibi táwọn èèyàn ti ń lọ wo ibojì Bílíkísù Súngbọ́. N kò fọwọ́ kan yàrà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Erédò o, kó yé yín. Etí oko ọ̀rẹ́ mi kan ni mo dúró sí. Koríko kan ń fà nílẹ̀ níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ta gbòǹgbò. Mo ní kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì náà rèé, ó parí. Mo hú u, mo gbìn ín, mo ń bomi rin ín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló yọ òdòdó. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ga fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orúnkún mi, orí rẹ̀ pín sí méjì, ó la apá bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ èèyàn. Ẹni tó bá kọjá, èso rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba gan-an, etí ìró ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kún fún un. Ẹ ò lè mọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tó ti tọ́jú pápá ilé ìwé rí, ló bá mi dá sí i. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò wo orí rẹ̀ kó o tó gbé e wálé?" Wọ́n mú mi lọ sábẹ́ máńgòrò wọn, wọ́n já ẹyọ kan nínú ojúlówó kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n fi ìka méjì yí igi rẹ̀. Kò yí. Ó pẹlẹbẹ bí okùn bàtà. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ kò mú, ńṣe ló rí bí ahọ́n ọmọdé, etí ewé náà sì wún díẹ̀. Orí rẹ̀ wá ńkọ́? Méjì dúró lókè bíi ti èyí tí mo gbìn, àmọ́ wọn ò là tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta sì yọ nísàlẹ̀ wọn bí àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò yẹn ni mi ò mọ̀ láti wò.

Axonopus compressus lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì yìí. "Ohun tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ" ni orúkọ kejì yẹn lédè Látìn. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá. Èyí tó tàn mí ń jẹ́ Paspalum conjugatum, ibẹ̀ lòun náà ti wá. Ará ìlú kan náà ni wọ́n, abájọ.

*

Láti Ṣàgámù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, àmọ́ ahun ni yín. Ẹ má fi ti ìka yíyí nìkan ṣe é o, torí koríko gbégi náà pẹlẹbẹ nídìí, òun ló tan èmi. Àmọ́ ìdí gbégi máa ń funfun, kì í fà nílẹ̀, ojú kan ló ń dì sí, orí rẹ̀ sì là bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fà á tu wò, ọwọ́ yín á bó. Lábẹ́ igi obì bàbá mi àgbà, kápẹ́ẹ̀tì ló tẹ́ síbẹ̀, torí òjìji kì í dà á láàmú. Koríko Bàhámà ò lè gbé ibẹ̀, oòrùn lòun ń fẹ́.

*

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ dúró de ọyẹ́ ná. Tèmi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo ti rò pé ó kú. Òjò ló jí i.

*

Èmi náà tún ni. Ẹni Ṣàgámù, mo gbọ́. Mo ti hú ti ẹnu ọ̀nà, ó ku ti ẹ̀yìn kànga. Ìyàwó mi ní kí n fìyẹn sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ gbóòórùn òdòdó rẹ̀, ó yíjú.