Iye owó mẹ́mórì káàdì fún ẹ̀rọ ìkàwé: bí tèmi ṣe rí ní Ìkejà

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè irú mẹ́mórì káàdì tó yẹ kéèyàn náwó lé, ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ̀rọ ìkàwé tí mò ń lò ni Kobo Glo, èyí tó jáde ní 2012. Àyè inú rẹ̀ kò ju 2GB lọ, ṣùgbọ́n ó ní ojú ihò microSD lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń gba káàdì tó tó 32GB. (Ẹ̀yin oní-Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ti Amazon, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín: ti àkọ́kọ́ ní 2007 gba káàdì, wọ́n ti yọ ihò náà kúrò lára ti 2009.) Ẹni tó ń ka ìwé ìtàn lásán lè má nílò káàdì rárá, torí EPUB kan, irú fáìlì tí ìwé orí ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́, kì í sábàá ju 1MB lọ. Àmọ́ ìwé Yorùbá àtijọ́ ni èmi fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ PDF tí wọ́n ya àwòrán ojú ewé rẹ̀. Ẹyọ kan lè tó 50MB. Ogójì irú ẹ̀, 2GB ti kún; 32GB á gba bí 600.

Mo bèèrè owó láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Computer Village. Owó 8GB àti 16GB fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. 32GB fi díẹ̀ lé e, 64GB kò sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Béèyàn bá pín owó sí GB, káàdì ńlá ló máa jọ ọjà gidi. Ṣùgbọ́n káàdì tó bá ju 32GB lọ, exFAT (ọ̀nà kan tí káàdì ń gbà to fáìlì) ló máa ń wà lórí ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, FAT32, ọ̀nà tó ti pẹ́ jù ú lọ, sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkàwé àtijọ́ mọ̀. Mi ò ní sanwó àyè tí n kò ní lè lò.

Ẹnì kan tiẹ̀ ní, “Àǹtí mi, ẹ gbé 128GB yìí, mi ò lè rẹ́ yín jẹ.” Owó tó pè kò tó ti 32GB! Mo kàn kí i pé ẹ kú ọjà, mo kọjá. Irú káàdì bẹ́ẹ̀, 8GB lè ni, wọ́n á tún inú ẹ̀ ṣe kó máa pe ara ẹ̀ ní 128. Tó bá kún, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ ó rí orúkọ ìwé, ìwé ò ní ṣí. Ó ń dùn mí gan-an, torí ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń kó sí i.

Mo ra 32GB, Class 10 (ìyẹn ìwọ̀n bí káàdì ṣe yára tó). U3, tó yára jù ú lọ, wọ́n jù ú lọ, àwọn tó ń ya fídíò 4K nìyẹn wà fún. Ìwé ò nílò eré tó bẹ́ẹ̀. Kí n tó sanwó, mo ní kí oníṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé òun á gbà á padà tó bá jẹ́ ayédèrú. Nílé, mo fi H2testw, ètò Windows tó ń yẹ káàdì wò, yẹ̀ ẹ́ wò (F3 ni ti Linux àti Mac): á kọ nǹkan kún káàdì, á tún kà á padà. Ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní sùúrù. Tẹ́ ẹ bá rí 29GB dípò 32, ẹ má bá a jà, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka GB nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, èló ni 32GB ojúlówó lọ́dọ̀ yín báyìí?