Kí ló dé tó jẹ́ bàálù àtijọ́ ni wọ́n ń tún ṣe, tí wọn kì í ya tuntun?

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ọdún 2019 tí a ti pàdánù Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú wa, nínú bàálù Ethiopian Airlines, ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa 737 MAX, irú bàálù Boeing tó já náà. Ọdún 1967 ni 737 àkọ́kọ́ fò! Kí ló dé tí Boeing kò jókòó ya òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ ara ògbólógbòó yẹn náà ni wọ́n tún gbé ẹ́ńjìnnì tuntun kọ́? Ṣé kò yẹ kí òfin wà pé bí bàálù bá ti pé iye ọdún kan, wọn kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe mọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Arìnrìn-àjò
Owó ni. Pailọ́ọ̀tì tó bá ti ń wa 737 tẹ́lẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó wọ tuntun. Southwest, tó jẹ́ 737 nìkan ló ní, bá Boeing ṣe àdéhùn pé bí MAX bá mú kí pailọ́ọ̀tì wọn lọ kọ́ṣẹ́ nínú simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù, Boeing máa san mílíọ̀nù kan dọ́là padà lórí bàálù kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Hángà
Ọmọ Ìsánlú, ẹ kú ara fẹ́ra kù Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àmọ́ n kò fara mọ́ òfin ọdún yẹn. Ìkẹjà ni mo ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ bàálù, abẹ́ 737-200 ni mo sì ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti dúró tì í mọ bó ṣe rẹlẹ̀ tó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí àwọn pápákọ̀ kéékèèké ìgbà náà tí kò ní irinṣẹ́: kí wọ́n lè fọwọ́ kó ẹrù sínú rẹ̀, kí èrò sì gba orí àkàbà tó wà lára bàálù náà gòkè. Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn gùn, kò fẹ̀, abẹ́ apá gan-an ló lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ epo púpọ̀ gbọ́dọ̀ ní fáànù tó fẹ̀ níwájú, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí 737-300 dé ní 1984, ńṣe ni wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ ilé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹlẹbẹ kó má baà sún mọ́ ilẹ̀ jù. Fáànù ti MAX wá fẹ̀ tó íǹṣì 69. Wọ́n ti ẹ́ńjìnnì náà síwájú, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì fi kún ẹsẹ̀ iwájú bàálù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: bí imú bàálù bá ti ga jù, ilé ẹ́ńjìnnì yẹn á tún máa gbé e sókè sí i. Dípò kí wọ́n tún ara bàálù ṣe, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó máa ti imú wálẹ̀, ètò tí wọ́n pè ní MCAS, sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń tẹ̀ lé nígbà náà. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé tí pailọ́ọ̀tì ń kà. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ yẹn parọ́, èèyàn 189 ló kú ní Indonesia, 157 ní Ethiopia.

Ẹ wá wo A320, bàálù Airbus tó ń bá 737 díje. 1987 ló kọ́kọ́ fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Nígbà tí Airbus kéde neo, ìyẹn A320 tó ní ẹ́ńjìnnì tuntun, ní oṣù Kejìlá 2010, fáànù íǹṣì 78 rí àyè lábẹ́ apá rẹ̀. Àtúnṣe ni òun náà, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí télọ̀ bá ti fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán, a lè tú u kó fẹ̀ sí i. Ara 737 kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Boeing mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, bàálù tuntun ni ọ̀gá wọn ní àwọn máa ṣe. Ní oṣù Keje, American Airlines ra 260 lọ́wọ́ Airbus, 200 lọ́wọ́ Boeing. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, Boeing ti pa tuntun tì, wọ́n padà sórí àtúnṣe 737.

Àbúrò Montréal
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni Bombardier, ilé iṣẹ́ bàálù Canada, ti ya bàálù CSeries láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàálù náà dára, ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wọ́n. Ní 2018 Airbus fi dọ́là kan péré gba èyí tó ju ìdajì lọ, wọ́n sọ ọ́ di A220. 787 tí Boeing yà tuntun náà fi ọdún mẹ́ta ó lé pẹ́ kó tó jáde, bátìrì rẹ̀ sì gbiná ní 2013. Ṣé ẹ̀yin náà rí i pé ewu wà nínú tuntun?

Bàbá Hángà
Ó wà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Boeing kì í ṣe ẹgbẹ́ Bombardier. Airbus náà kọ́kọ́ fẹ́ kàn tún A330 ṣe kí wọ́n fi bá 787 díje. Àwọn oníbàárà ló fàáké kọ́rí, ní 2006 ni wọ́n padà lọ ya A350 tó wà lójú òfurufú báyìí. Bí Southwest àti American bá ti fàáké kọ́rí bẹ́ẹ̀ ní 2011, à bá máa sọ̀rọ̀ míràn lónìí.

CFM, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì MAX, sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì tí fáànù rẹ̀ kò ní ilé rárá, tó fẹ̀ ju ti MAX lọ dáadáa. Nǹkan bí ọdún 2035 ni wọ́n ń fojú sùn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé ìyẹn sábẹ́ apá 737. Àtiya bàálù títí dé ọjọ́ tí èrò máa wọ̀ ọ́ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ó ti yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.