Ṣé ẹ lè gbé ìlú tí ẹ kàn lọ ṣe àlejò sí?

Ìyá Tòbí, Kubwa
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará wa. Ìlú yòówù tí mo bá dé, ì báà jẹ́ ìgbéyàwó ló gbé mi lọ, ọkàn mi kì í jókòó bí ọkàn àlejò. Màá ti máa wo ilé tó ṣófo, màá bèèrè iye tí wọ́n ń ta agbọ̀n tòmátì, màá wo ọ̀nà tí àwọn ọmọ mi ì bá máa gbà lọ sí ilé-ìwé. Ti Jos ló wá lágbára jù. Oṣù Kejìlá la lọ, ní apá Rayfield. Òtútù àárọ̀ ibẹ̀! Ẹ̀wù òtútù ni mo wọ̀ lé aṣọ ẹbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kárọ́ọ̀tì, kábééjì, ọ̀dùnkún òyìnbó, gbogbo rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀. Wọ́n ń ta sitiróbẹ́rì nínú ike kéékèèké lẹ́bàá títì. Mo sọ fún Bàbá Tòbí pé èmi lè gbé ibí o. Ó ní ṣé kí òun padà lọ kó ẹrù wá ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìlú wo ní òkè ọya lẹ dé tí ọkàn yín sọ pé ibí ni? Ẹ̀yin tí ẹ sì kó lọ lóòótọ́, báwo lẹ ṣe bá a?

Ọmọ Ọ̀fà Ní Kánò
Kánò. Mi ò wá ibòmíràn.

Déjì Lugbe
Ẹ̀gbọ́n, ìlú wo ni kì í dára lójú ẹni tó lọ jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó? Ẹ padà lọ nígbà tí kànga bá gbẹ, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀ní Ọmọ Jos
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Apá Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé Jos, wọ́n jọ ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Terminus. Haúsá ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ Yorùbá, torí bí àgbàlá wa ṣe rí nìyẹn: Berom wà ńbẹ̀, Haúsá wà ńbẹ̀, Ìgbò wà ńbẹ̀, ìyá ẹni tó bá kọ́kọ́ sebẹ̀ ni gbogbo wa máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Ìyá Tòbí rí yẹn, òótọ́ ni. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó sì rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ kùsà sílẹ̀ láyé òyìnbó ni àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fà láti bu rin ín.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí ojú mi rí. Ní 2002, ọjà Terminus jóná, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi bá a lọ. Síbẹ̀ wọn ò kó kúrò. Ibi tó ti wá dùn mí wọ egungun ni ìgbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, tí wọ́n ní kí n mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Mo lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ, akọ̀wé bèèrè orúkọ bàbá mi, ó ní kí n lọ gbà á nílùú bàbá mi. A wọkọ̀ lọ sí ìlú bàbá mi. Obìnrin tó wà lórí tábìlì gbọ́ bí mo ṣe ń sọ Yorùbá, ó yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Ọmọ Gàm̀bàrí wo lẹ mú wá yìí?"

Àbújá ni mo wà báyìí. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, Jos ni ọkàn mi ń lọ. Ṣé èèyàn lè gbé ibẹ̀? Ó lè gbé e dáadáa. Àmọ́ kí ẹ tó sọ pé ẹ lè gbé ìlú kan, ẹ bèèrè bóyá ìlú náà á ka àwọn ọmọ yín mọ́ tirẹ̀. Ojú ọjọ́ kò ní sọ ìyẹn fún yín.

Túndé Gwarinpa
Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n pe èmi náà bẹ́ẹ̀, nínú ilé bàbá mi àgbà, lọ́jọ́ tí a sin ín.

Mọ̀mí Ṣadé
Àbẹ̀ní, kí ni màmá yín wá fèsì?

Àbẹ̀ní Ọmọ Jos
Màmá mi ò bínú, ó kàn ki oríkì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Obìnrin yẹn dìde, ó sì kọ ìwé náà fún wa.

Mọ̀mí Ṣadé
Kí Olúwa bá mi kẹ́ màmá yẹn!!!

Bàbá Ìbejì, Karu
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Àwọn Haúsá ti wà ní Sábó n'Ìbàdàn láti 1916. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀, kí la ń pè é? Mọ́là. Kó gbọ́ Yorùbá ju tiwa lọ, Mọ́là ni. Ohun tí wọ́n ṣe sí Àbẹ̀ní ní Jos, àwa náà ń ṣe é nílé.

Déjì Lugbe
Sábó yàtọ̀, Bàbá. Wọ́n ní Séríkí tiwọn, wọ́n ní ọjà tiwọn.

Bàbá Ìbejì, Karu
Àwọn Yorùbá Kánò náà ní ọba tiwọn. Ṣé ìyẹn sọ wọ́n di ọmọ Kánò?

Ọmọ Ọ̀fà Ní Kánò
Ẹ ti dárúkọ wa, ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Ọdún 1912 ni reluwé dé Kánò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni bàbá bàbá mi gun un wá pẹ̀lú àpò obì. Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò, la wà títí di òní. Àwọn Yorùbá tó ti wà ní Kánò ṣáájú reluwé kò tilẹ̀ sí ní Sabon Gari, inú ìlú àtijọ́ ni wọ́n wà, ní àdúgbò Ayagi, àwọn ìyẹn ti di ará Kánò pátápátá. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Karu, ó ṣeé ṣe. Ó kàn ń gba ìran púpọ̀ ni.

Ẹni tó ń bèèrè bóyá òun lè gbé Kánò, kí ó má wá nígbà Dọ́bà, ayẹyẹ àwọn ẹlẹ́ṣin nígbà ọdún. Dọ́bà dára lóòótọ́, UNESCO pàápàá ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2024, àwọ̀ ẹṣin àti láwàní nìkan tó èèyàn í wò láti àárọ̀ dálẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó wá ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ooru bá tó 40 lórí ìwọ̀n, tí gbogbo ilé bá gbé ẹní jáde sí àgbàlá lóru. Tí ó bá sùn síbẹ̀, tí ó jí láàárọ̀, tí ó jẹ gúrásà gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, tí inú rẹ̀ ṣì dùn, ó ti di tiwa nìyẹn. Oúnjẹ Kánò ò wọ́n bíi ti Àbújá. Ọjà ọkà Dawanau wà lẹ́bàá ìlú, àpò àpò la ń ra ẹ̀wà àti àgbàdo.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Ẹ̀gbọ́n Kánò, ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ oṣù Kẹrin. Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé lókè lọ́hùn-ún. Ìgbà ooru àti eruku yẹn náà ni àrùn yínrùnyínrùn, tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau, máa ń jà, títí òjò á fi dé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ, ẹ rí i pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Oṣù Kẹrin 2024 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó ń dènà oríṣi kòkòrò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, àwa la kọ́kọ́ lò ó lágbàáyé. Ẹ má kó èèyàn púpọ̀ jọ sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ tì. Tí ibà bá mú ọmọ, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn rẹ̀ le tí kò lè tẹ̀ ẹ́ síwájú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀.

Ṣẹ̀gi Ìlọrin
Èmi o, Ìlọrin ni mo yàn. Òkè ọya tí èèyàn ti ń jẹ ẹ̀kọ àti wàràǹkàṣì, tí kò sí ẹni tó máa bèèrè bàbá rẹ.

Déjì Lugbe
Ìlọrin wo ni òkè ọya? 😂

Ṣẹ̀gi Ìlọrin
Inú ìjọba Àríwá la wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1967. Ẹ lọ ka ìwé.

Bàbá Ìbejì, Karu
Ìjọba lè pín in bó ṣe wù ú. Odò Ọya fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá kúrò ní Ìlọrin, ó di Jẹ́bà kó tó kọjá afárá. Ìlọrin ò tíì sọdá odò.

Ọmọ Ọ̀fà Ní Kánò
Bàbá ti sọ òótọ́. Ọ̀fà náà ò sọdá odò. Èmi tí mo sọdá ni kí ẹ pè ní ará òkè ọya.

Ṣẹ̀gi Ìlọrin
Ọ̀fà ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ Ìlọrin.

Ọmọ Ọ̀fà Ní Kánò
A tún ti bẹ̀rẹ̀!

Mọ̀mí Ṣadé
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lúbọ́ gidi ní Àbújá? Èyí tí mo rà ní Nyanya, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀.

Túndé Gwarinpa
Ẹ ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín láti Ṣakí, Mọ̀mí. Mi ò rà á níbí mọ́.

Adékẹ́ Mararaba
Kí n sọ tèmi, torí mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ló ṣe bẹ́ẹ̀ dé Àbújá. Mo wá kí àbúrò mi ní Wuse. Mo rí títì gbọọrọ, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sí ọ̀kadà, kò sí ariwo. Mo ní èmi lè gbé Àbújá. Nígbà tí iṣẹ́ wá gbé mi dé, owó ilé Wuse ò ṣeé gbọ́ sétí. Mararaba ni agbára mi ká, ìpínlẹ̀ Nasarawa sì nìyẹn, kì í tilẹ̀ ṣe Àbújá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti ń tò fún ọkọ̀. Láti ibẹ̀ dé afárá Nyanya, sún díẹ̀, dúró. Omi, ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin gàrúwà la ti ń rà á, kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le wọ́n á fi owó kún un. Ìlú tí mo wá ṣe àlejò sí àti ìlú tí mo ń gbé kì í ṣe ìlú kan náà. Mo fẹ́ràn àwọn aládùúgbò mi gan-an o. Ìyá Tiv tó wà nítòsí mi ló gbẹ̀bí ọmọ mi kejì nígbà tí mọ́tò ò rọ́nà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá wo Àbújá, kó má wo Wuse nìkan. Kó wo ibi tí owó oṣù rẹ̀ máa gbé e dé.

Ìyá Tòbí, Kubwa
Adékẹ́, ẹ kú ìṣe. Ọ̀rọ̀ yín àti ti Àbẹ̀ní ń rìn lọ́kàn mi láti àárọ̀. Màmá Gbagyi kan ló ni ilé tí a ń gbé. Wọ́n ṣì máa ń gbé ẹrù lé èjìká bíi ti àwọn ìyá wọn, wọn kì í rù ú lórí. Wọ́n sọ fún mi pé Maitama ni wọ́n bí àwọn sí. Maitama, àdúgbò àwọn olówó lónìí! Nígbà tí ìjọba fi òfin ọdún 1976 sọ ilẹ̀ yìí di olú-ìlú, wọ́n kó àwọn ará Maitama wá sí Kubwa níbí, wọ́n kó ti Wuse lọ sí Sabon Wuse ní ìpínlẹ̀ Niger. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa ń lọ wo ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn lọ lẹ́ẹ̀kan, sọ́jà tó ń ṣọ́ ilé kan ní kí ni àwọn ń wá.

Ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an, wọ́n ń bi í pé kí ló ń wá. Ó ká mi lára ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Àbẹ̀ní Ọmọ Jos
Ẹ bá mi kí màmá yẹn. Mi ò gbọ́ èdè Gbagyi, Haúsá nìkan ni mo gbọ́, àmọ́ ẹ bá mi kí wọn.

Déjì Lugbe
Mo ti ń gbé Lugbe láti ọjọ́ yìí, mi ò bèèrè rí ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé wa wà lórí rẹ̀. Màá bèèrè.

Kọ́là Àgùnbánirọ̀
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí ọmọdé sọ tirẹ̀. Gembu ni wọ́n rán mi lọ, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ìyá mi sunkún. Ọ̀nà tó gun òkè náà ń yí wọ́lọwọ̀lọ, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́, oníkálukú ń gbàdúrà tirẹ̀. Bí a ṣe gòkè tán, koríko tútù títí dé ibi tí ojú mọ, màlúù, kùrukùru. Òkè Mambilla ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, Jos gan-an ò tó o. Wọ́n ń gbin ewé tíì ní Kakara, wọ́n ń gbin píà, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo ń fi sùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ, kó má padà títí di ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ṣì ń pè mí. Tí wọ́n bá ṣe ọ̀nà yẹn dáadáa, màá padà lọ gbé ibẹ̀, mi ò ṣeré.

Bàbá Ìbejì, Karu
Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé Yorùbá wà níbẹ̀?

Kọ́là Àgùnbánirọ̀
Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń ta oògùn lọ́jà, sà. Ìyàwó rẹ̀ ará ibẹ̀ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ èdè Mambilla. Ó bẹ̀ mí kí n máa wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ kí n máa bá wọn sọ Yorùbá. Èyí tó kéré jù ti mọ ìkíni àárọ̀ kí n tó kúrò, ó sì ń dọ̀bálẹ̀.

Àbẹ̀ní Ọmọ Jos
Kọ́là, bá mi gba nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yẹn. Mo ní ìwé aláwòrán Yorùbá tí àwọn ọmọ mi ti kà tán.

Mọ̀mí Ṣadé
Èmi náà ní. Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Gembu, ṣé Jalingo ni mọ́tò máa já a sí?

Kọ́là Àgùnbánirọ̀
Jalingo ni, mà. Awakọ̀ míì á gbé e gòkè láti ibẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.