Ata rodo mi ń gbọn òdòdó dànù nínú ooru Perth yìí, kí ni ṣíṣe?

Àdùkẹ́_Perth:
Ẹ kú ooru o ẹ̀yin ará wa tó wà ní Ọsirélíà. Perth ni mo wà, mo gbin ata rodo, tòmátì, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ata yìí ń yọ òdòdó dáadáa o, àmọ́ tí ooru bá ti wọ 38, 40 báyìí, gbogbo ẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀, kò ní so ẹyọ kan. Tòmátì tó tiẹ̀ ti so, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn ti funfun, ó ti bó. Ewédú nìkan ni ò tíì bá mi jà.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí o, oòrùn kì í ṣe àjèjì sí mi, màmá mi ò ta nǹkan kan bo ata rí láyé wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin wọ́n tí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, síbẹ̀ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì tẹ̀tẹ̀ á ti dorí kodò. Ṣé kí n fà wọ́n tu ni àbí kí n máa bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́? Owó omi náà ò sì rẹlẹ̀ o.

Bàbá_Olóko:
Má fa nǹkan kan tu o jàre. Tó o bá bomi rin tán lónìí, fọwọ́ wa ilẹ̀ yẹn wò sísàlẹ̀ díẹ̀. Mo lè bá ẹ ta tẹ́tẹ́ pé gbígbẹ lo máa bá níbẹ̀.

Iyanrìn ni ilẹ̀ Perth yìí, tó bá sì ti gbẹ jù ó máa ń kọ omi ni. Àwọn ewé àti igi tó ti jẹrà máa ń fi nǹkan bí ìda sára iyanrìn yẹn, omi á wá máa yí gbirigbiri lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò, á wá ojú kan gbà jò lọ, gbòǹgbò ata ò ní rí nǹkan kan mu. Ilẹ̀ pupa ti Ìbàdàn ní amọ̀ nínú, ó ń di omi mú, òjò sì ń bá màmá bomi rin ata wọn nígbà tó ń dàgbà. Níhìn-ín inú òtútù ni òjò ń rọ̀, June sí August, ìgbà ooru gbẹ háúháú ni.

Ra wetting agent, oògùn tó ń jẹ́ kí iyanrìn gba omi, ní Bunnings, ilé ìtajà irinṣẹ́ àti nǹkan ọgbà yẹn, dà á sílẹ̀ kó o bomi lé e. Àmọ́ ìyẹn ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe o. Wá bentonite, amọ̀ lẹ́búlẹ́bú ni, pò ó mọ́ kọ́ńpóòsì àti ìgbẹ́ àgùntàn tó ti jẹrà, kó o ro ó mọ́ ilẹ̀. Tó o bá sì ń bomi rin, jẹ́ kó mu àmuyó kó o tó fún un ní ìsinmi, èyí tó ò ń wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ yẹn òkè ilẹ̀ nìkan ló ń tutù. Tó bá jẹ́ sprinkler, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi fúnra ẹ̀, lò ń lò, o mọ̀ pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún wa, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà ilé ẹ ló máa sọ èyí tó kàn ẹ́, ṣáájú aago 9 àárọ̀ tàbí lẹ́yìn 6 ìrọ̀lẹ́. Họ́ọ̀sì tó o fọwọ́ mú ò sí nínú òfin yẹn.

Tọ́pẹ́_Melbourne:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti òdòdó. Tó bá ti kọjá 35, pàápàá tí òru náà ò bá tutù, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ata àti tòmátì ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, igi á sì gbọ̀n ọ́n dànù. Kò sí oògùn ẹ̀. Tí ooru bá rọlẹ̀ ní March wọ́n á tún so. Àmọ́ ta shade cloth 50%, aṣọ àwọ̀n tó ń dí ìdajì oòrùn, sí i lápá ìwọ̀ oòrùn, oòrùn aago 3 sí 5 yẹn gan-an ló ń bó tòmátì. Má ra 80 tàbí 90 o, igi á kàn ga gbọọrọ lásán. Kó o sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kó nípọn, má ṣáà jẹ́ kó kan ìdí igi.

Ẹ̀yin Perth gan-an ń jayé, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí yín lọ́sàn-án, tí wọ́n ń pè ní Fremantle Doctor. Níbí atẹ́gùn àríwá láti aṣálẹ̀ ló ń nà wá, 42 lọ́sàn-án, kí atẹ́gùn yí padà báyìí ó ti di 22, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá súẹ́tà kiri.

ỌmọÒkèÒgùn:
Èmi ò rí ìdí tí èèyàn fi ń bá tòmátì jà ní January. Ilá, ewédú, ṣọkọ, àwọn wọ̀nyẹn fẹ́ràn ooru, gbìn wọ́n kọ́kàn ẹ balẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó dorí kodò lọ́sàn-án yẹn, tó bá ti gbérí pa dà lálẹ́ kò sí nǹkan tó ṣe é, omi ló ń tọ́jú. Èyí tó bá ṣì dorí kodò láàárọ̀ ni kó o sáré sí. Irúgbìn ńkọ́, ẹ má di í wá láti ilé láìsọ fún wọn ní pápákọ̀ òfuurufú o, wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè bu owó lé e yín.

Àdùkẹ́_Perth:
Bàbá Olóko ẹ ṣé o, mo wa ilẹ̀ yẹn wò lóòótọ́, eruku ni nísàlẹ̀! Bentonite yìí, ṣé mo lè ro ó mọ́lẹ̀ báyìí tí ata ti wà níbẹ̀?

Bàbá_Olóko:
Rárá o, wàá gé gbòǹgbò wọn nínú ooru yìí. Dà á yí wọn ká lórí ilẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńpóòsì, fi koríko bò ó, bomi rin ín. Tó bá di April tó o bá ká tán, kó o wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ tó o bá ń gbé àwọn ike inú ọgbà o, redback, aláǹtakùn olóró yẹn, fẹ́ràn abẹ́ wọn.